Ẹ Má Dá Síńtì Lẹ́bi: Iná, Wáyà àti Ohùn Ìlù Wa

Sí Olóòtú Ìwé Ìròyìn,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀sùn méjì ni a máa ń gbọ́ nípa síńtì, ẹ̀rọ orin tó ń fi iná dá ohùn, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Ọ̀yọ́. Wọ́n ní kì í pẹ́ bàjẹ́. Wọ́n tún ní kò bá ìlù wa mu, pé níbi tí gángan bá ti ń sọ̀rọ̀, ńṣe ni síńtì máa ń dá dúró bí àlejò tí kò gbọ́ èdè. Àwa tí a kọ lẹ́tà yìí ń so ẹ̀rọ wọ̀nyí pọ̀ fún ilé ìjọsìn àti sítúdíò, a sì ń tún wọn ṣe. Nínú ẹ̀sùn àkọ́kọ́, iná àti wáyà ló jẹ̀bi. Nínú èkejì, bí wọ́n ṣe tò ó láti ilé iṣẹ́ ni, tí ẹnikẹ́ni kò sì yí i padà. Méjèèjì ló ní àtúnṣe.

Kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ti kó ohùn dùùrù àti fèrè sínú rẹ̀ ni à ń sọ. Síńtì tí à ń sọ ni èyí tí ẹ óò fúnra yín dá ohùn nínú rẹ̀, àti mọ́dúlà, níbi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti wà lórí pátákó kékeré tirẹ̀: ọ̀kan ń dá ohùn, ọ̀kan ń sẹ́ ẹ, ọ̀kan ń ṣí i tó sì ń tì í, òmíràn ń mú un padà wá lẹ́yìn tó ti kọjá. Wáyà kéékèèké ni ẹ óò fi so wọ́n pọ̀ bó ṣe wù yín. Robert Moog gbé tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1964. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lónìí ni Eurorack, Dieter Doepfer ní Jámánì ló sì fi ìwọ̀n rẹ̀ lélẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1995.

Ọ̀rọ̀ iná ló ṣáájú. Kí ẹ tó ki ẹ̀rọ tòkunbọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 100–240V, kò sí wàhálà. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, iná Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Tiwa jẹ́ 230V. Tí ẹ bá kì í bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, tiransifọ́mà inú rẹ̀ yóò gbóná, fíúsì á jó, nígbà mìíràn ohun tó wọ́n ju fíúsì lọ ni yóò kọ́kọ́ jó. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílò tiransifọ́mà tó ń sọ 230 di 120, kí agbára rẹ̀ sì tó ìlọ́po méjì iye wáàtì tí wọ́n kọ sára síńtì: bí síńtì bá ń jẹ 30 wáàtì, ẹ má ra èyí tí kò tó 60. Bí fíúsì bá jó, irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò. Èyí tí wọ́n kọ T500mA sí kì í yára já, ó máa ń fara da iná àkọ́tàn. Èyí tó ní F máa ń já kíákíá. Ẹ má fi wáyà tàbí bébà sìgá dí ojú rẹ̀. Ohun tó jó fíúsì náà ṣì wà níbẹ̀, yóò sì wá nǹkan mìíràn jó.

Ìgbà tí wọ́n bá mú iná padà dé ni ewu pọ̀ jù. Fíríìjì, páǹpù omi àti ẹ̀rọ amúlétutù gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, fóòtì á wá máa lọ sókè sódò. Nítorí náà, bí iná bá ti lọ, ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Bí ó bá wà láàrin 210 sí 245, ẹ tan sítábíláísà, ẹ tan síńtì, ẹ tan mísà, kí lásìpíkà gbẹ̀yìn. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pa wọ́n, lásìpíkà ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Síńtì máa ń ta 'gbì' nígbà tó bá ń jí àti nígbà tó bá ń kú. Bí lásìpíkà bá wà ní títàn, 'gbì' yẹn ni yóò já wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú lásìpíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò dára fún síńtì tààrà, nítorí pé bí ẹnìkan bá tan áyọ́ọ̀nù nínú ilé, fóòtì á ṣubú, bí wọ́n bá sì pa á, á fò sókè. Ẹ jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ máa fún bátìrì lágbára, kí bátìrì sì máa bọ́ síńtì nípasẹ̀ ínfátà. Ínfátà náà, èyí tí wọ́n kọ pure sine wave sí lára ni kí ẹ rà. Ti owó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ modified sí máa ń mú kí síńtì àtijọ́ tó ní tiransifọ́mà nínú gbóná, yóò sì máa dún 'ṣíì' nínú gbogbo ohun tí ẹ bá gbà sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọ tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ orin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ sítábíláísà àti ínfátà sínú ìwé kan náà tí ẹ óò fi béèrè owó síńtì. Tí ẹ bá sún un di ìgbà mìíràn, owó àtúnṣe ni yóò kọ́kọ́ dé.

Pẹ́dà ni àpótí kékeré tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn padà. Ṣájà rẹ̀ ń pa ẹ̀rọ púpọ̀. Ẹnu rẹ̀ lè wọlé déédéé, kí inú rẹ̀ sì jẹ́ òdìkejì. Pẹ́dà jìtá tó pọ̀ jù ń fẹ́ 9V, kí àárín ẹnu ṣájà jẹ́ −, kí ìta rẹ̀ jẹ́ +. Àwọn síńtì kékeré kan ń fẹ́ 9V kan náà, ṣùgbọ́n àárín ni + wà. Àwòrán kékeré kan wà lára ṣájà àti lára ẹ̀rọ, ó ní àmì kan nínú òbìrí, òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rí i pé àwòrán méjèèjì bára mu, pé fóòtì wọn dọ́gba, pé mílíáńpù ṣájà tó ti ẹ̀rọ tàbí jù ú lọ. Kí mílíáńpù ṣájà pọ̀ jù kò léwu, ẹ̀rọ kì í fa ju èyí tó nílò lọ. Kí fóòtì pọ̀ jù ló léwu.

Ti Eurorack tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Lẹ́yìn mọ́dúlà kọ̀ọ̀kan ni wáyà pẹlẹbẹ ti ń wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ 10 tàbí 16. Ìlà pupa tó wà ní etí wáyà náà ni −12V. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ −12V sí lára pátákó, tàbí tí wọ́n fa ìlà funfun sí, kí ìlà pupa wà ní ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ẹ má sọ pé ihò rẹ̀ kò lè gbà á sódì, nítorí kì í ṣe gbogbo mọ́dúlà ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wọ̀ sódì, àwọn ẹ̀yà dúdú kéékèèké inú rẹ̀ á jó kí ẹ tó na ọwọ́ dé ibi tí ẹ ó ti pa á. Ẹ pa iná kí ẹ tó so ohunkóhun, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni kí ẹ máa so wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìṣirò. Mọ́dúlà kọ̀ọ̀kan ní iye mílíáńpù tó ń jẹ ní +12V àti ní −12V. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, ẹ ṣe àròpọ̀ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ká ní ẹ̀rọ tó ń pín iná nínú àpótí yín lè gbé 1,000 ní +12V àti 500 ní −12V, ẹ má jẹ́ kí àròpọ̀ yín kọjá 750 àti 375. Ìdá mẹ́rin tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn ni ti ìgbà tí gbogbo wọn bá ń jí lẹ́ẹ̀kan náà, torí wọ́n máa ń fa iná ju ti ìgbà tí wọ́n bá ti dúró lọ. Dìléè (tó ń mú ohùn padà wá lẹ́yìn tó ti kọjá) àti rífáàbù (tó ń mú ohùn dún bí ẹni wà nínú gbọ̀ngàn ńlá) tó ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú ló ń jẹ +12V jù. Bí iná kò bá tó, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹ̀rọ tan, kó kú, kó tún tan. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní mọ́dúlà ti bàjẹ́. Ebi ló ń pa á.

Ti ohùn tó ń kùn láti inú lásìpíkà, bí ó bá jẹ́ 'hùù' tó rẹlẹ̀, 50Hz tàbí 100Hz ni, ọ̀dọ̀ iná ló sì ti wá. Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé síńtì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́bàá pẹpẹ, mísà sì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Méjèèjì ní wáyà ilẹ̀ tiwọn, wáyà ohùn tó so wọ́n pọ̀ á tún wá di ọ̀nà mìíràn fún iná láti máa yípo láàrin wọn. Àwọn kan máa ń gé ẹsẹ̀ kẹta pọ́lọ́ọ̀gì kúrò, kíkùn á sì dáwọ́ dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń dáàbò bo ẹ̀mí ẹni tó fi ọwọ́ kan kan irin síńtì, tó sì fi ọwọ́ kejì di gbohùngbohùn mú. Ẹ mú síńtì àti mísà wá sórí ẹksitẹ́ńṣọ̀n kan náà. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ fi DI box (àpótí kékeré tó ń gbé ohùn ẹ̀rọ lọ sí mísà) tó ní tiransifọ́mà nínú sáàrin wọn, ẹ tẹ bọ́tìnnì ground lift tó wà lára rẹ̀, èyí tó ń já ọ̀nà ilẹ̀ inú wáyà ohùn. Kí oníná sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá irin ilẹ̀ tilẹ̀ wà nínú ilé náà, nítorí ọ̀pọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ní ihò mẹ́ta tí ẹ̀kẹta kò so mọ́ nǹkan kan.

Bí ohùn náà bá wá tín-ín-rín tó ń yí padà bí ẹ bá gbé asin kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ló ń gba ojú wáyà USB wọlé. Ẹ fi wáyà ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ti MIDI, èdè tí ẹ̀rọ orin fi ń pàṣẹ fún ara wọn, rọ́pò rẹ̀. Láti 1983 tí wọ́n ti gbé MIDI jáde, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan ni wọ́n fi ń gbé ọ̀rọ̀ kọjá nínú ẹ̀rọ tó ń gbà á, iná ẹ̀rọ kan kò sì kan ti èkejì. Kí wáyà náà má ju mítà 15 lọ.

A dé orí pẹ́dà. Ohùn tó ń jáde nínú mọ́dúlà lè tó 10 fóòtì láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Jìtá ni wọ́n ṣe pẹ́dà fún, ohùn jìtá kì í sì í sábà tó fóòtì kan. Bí ẹ bá ti mọ́dúlà sínú pẹ́dà bó ṣe wà, ohùn á fọ́, ẹ óò sì rò pé pẹ́dà kò dára. Ẹ gba inú mọ́dúlà tó ń dín ohùn kù kọjá, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kí ẹ máa yí i sókè títí iná pupa pẹ́dà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn. Nígbà tó bá jáde nínú pẹ́dà, ẹ tún gbé e sókè kó tó padà sínú mọ́dúlà. Wáyà oníhò kékeré ti mọ́dúlà, ohùn kan ṣoṣo ló ń gbé. Bí ẹ bá fi ti fóònù tó ń gbé méjì rọ́pò rẹ̀, ó lè jẹ́ etí kan ni ẹ óò máa gbọ́.

Nínú ilé ìjọsìn, ọ̀nà mìíràn ni a ń gbà so rífáàbù. Láti aux send mísà, ihò tí mísà fi ń rán ohùn jáde sí ẹ̀rọ mìíràn, ni ohùn yóò ti jáde lọ sínú pẹ́dà, kó sì padà sórí ọ̀nà tirẹ̀ lára mísà. Ẹ rí i pé nọ́ọ̀bù aux ti ọ̀nà ìpadà yẹn wà ní òdo. Bí ó bá ṣí sílẹ̀, pẹ́dà á máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀, yóò sì máa fi kún un títí tí gbogbo ilé á fi bú sí igbe. Ẹ yí mix pẹ́dà náà dé òpin, kó má tún máa gbé ohùn tí rífáàbù kò tíì kàn, tó ti wà nínú mísà tẹ́lẹ̀.

Nípa eruku, ṣókí ni. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ bo ẹ̀rọ lẹ́yìn tó bá ti tutù, ẹ má fi ọ̀rá bò ó. Ẹ fi pátákó òfìfo dí gbogbo ihò àpótí mọ́dúlà, torí aáyán àti ọmọńlé fẹ́ràn ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Nọ́ọ̀bù tó ń ha, contact cleaner tó wà fún ẹ̀rọ iná ni kí ẹ fọ́n sí i, kí ẹ yí i síwá sẹ́yìn dáadáa, kí ẹ sì dúró kó gbẹ kí ẹ tó tan án. Kẹrosíìnì, epo mọ́tò àti lọ́fíńdà á jẹ ike inú rẹ̀, wọ́n á sì tún fa eruku mọ́ra. Ẹ kò ní láti ra àpótí láti òkè òkun, káfíńtà wa lè kàn án. Mọ́dúlà ga ní mílímítà 128.5, àlàfo láti ihò ìdè òkè sí ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 122.5, ìwọ̀n ìbú kan tí wọ́n ń pè ní HP sì jẹ́ 5.08. Àpótí 84 HP jẹ́ 426.72 níbùú, ẹ ní kó fi inú rẹ̀ sí 428, kí igi rẹ̀ sì ti gbẹ dáadáa, nítorí igi tútù á sún kì mọ́dúlà nígbà ọyẹ́.

Ẹ̀sùn kejì ló dùn mọ́ wa jù láti dáhùn. Àkókò ni a óò fi bẹ̀rẹ̀. Láti ilé iṣẹ́, síńtì máa ń pín ìlù sí mẹ́rin mẹ́rin, ìṣísẹ̀ 16. Ọ̀pọ̀ ìlù wa pín ẹsẹ̀ kan sí mẹ́ta, ìṣísẹ̀ 12. Ẹ dín ìṣísẹ̀ ẹ̀rọ yín kù sí 12, kí ẹ wá fi ìró kan sí ìṣísẹ̀ 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Agogo wa kan rèé. MIDI ń ta ìró 24 fún ẹsẹ̀ kan. Bí ẹ bá fi mọ́dúlà apínlù pín in ní 8, mẹ́ta ni yóò jáde fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Dìléè náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Bí ẹsẹ̀ bá jẹ́ 100 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fi 60,000 pín sí 100, ẹsẹ̀ kan jẹ́ mílísẹ́kọ́ndì 600. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 200, ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ 400. Èyí tí ọ̀pọ̀ pẹ́dà fẹ́ràn láti fún yín ni 450, yóò sì bọ́ sáàrin ibi tí gúdúgúdú kò sí. Ohun tí àwọn onílù fi ń wojú ara wọn nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ohùn. Ìyáàlù kì í dúró lórí bọ́tìnnì dùùrù. Onílù á lu ojú ìlù ní kọ̀ǹgọ́, á sì fún àwọn awọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ara ìlù, kí ohùn yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Láti fara wé e, ẹ lo ohùn triangle tó rọ̀, ẹ má lo saw tó mú. Kí ó là ní kíá, kí ó sì kú láàrin mílísẹ́kọ́ndì 250 sí 300. Ẹ fi ariwo díẹ̀ tó jẹ́ mílísẹ́kọ́ndì 15 péré sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ni ìró kọ̀ǹgọ́.

Nínú mọ́dúlà, fóòtì kan ni ìpele ohùn mẹ́jọ, dò sí dò. Ẹ pa quantizer, torí òun ló ń fipá ti ohùn sórí bọ́tìnnì dùùrù. Ẹ gbé ohùn ìsàlẹ̀ sí 0 fóòtì, ohùn àárín sí 0.25, ohùn òkè sí 0.5. Ibi ìbẹ̀rẹ̀ ni, kì í ṣe òfin. Etí onílù ni yóò sọ ibi tí wọn yóò dúró sí. Ẹ fi orúkọ ìlú dán an wò. Ògbómọ̀ṣọ́: ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, òkè, ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Bí ẹ bá kàn gbé e bẹ́ẹ̀, yóò dún bí aago ilé ìwé, nítorí pé lẹ́nu wa, ohùn òkè tó tẹ̀ lé ti ìsàlẹ̀ máa ń gùn ún wọlé ni, ohùn ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé ti òkè sì máa ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ṣí glide, èyí tó ń jẹ́ kí ohùn yọ́ láti ibì kan dé ibòmíràn, ẹ fi sí mílísẹ́kọ́ndì 60 sí 100. Bí ìṣísẹ̀ yín bá jẹ́ 200, tí ẹ sì fi glide sí 180, ohùn náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé ibi tó ń lọ kí òmíràn tó pè é, ọ̀rọ̀ á wá dàrú. Nínú 'ẹ kú iṣẹ́', níbi tí àárín àti òkè ti ń pààrọ̀ ara wọn, ẹ dín glide kù tàbí kí ẹ pa á fún ìṣísẹ̀ yẹn. Ohùn tó bá ṣe bíi gúdúgúdú kò nílò glide rárá.

Ẹni tí kò ní mọ́dúlà, tó ní síńtì oníbọ́tìnnì nìkan, lè ṣe é pẹ̀lú pitch bend, ohun tí à ń fi ọwọ́ yí láti gbé ohùn sókè sódò. Láti ilé iṣẹ́, ó sábà máa ń jẹ́ ìdajì ohùn méjì sókè àti méjì sódò. Kò tó fún ìyáàlù. Ẹ wọ inú ètò rẹ̀, ẹ sọ ọ́ di 7 tàbí 12, kí ẹ wá fi ọwọ́ òsì yọ́ ọ.

Ohun méjì ló lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Síńtì tí kò ní kọ̀ǹpútà nínú ń yẹ̀ bí ara rẹ̀ bá ń gbóná, nítorí náà ẹ tan án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó bá ìlù tò ó, kí fáànù má sì kọjú sí i. Èkejì, bí ẹ bá fi wáyà ẹlẹ́nu mẹ́ta lásán pín fóòtì ohùn kan sí ẹ̀rọ méjì, ó lè dín kù ní bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ní dò sí dò mẹ́ta sókè, ó ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta àlàfo bọ́tìnnì kan lọ díẹ̀, etí onílù yóò sì gbọ́ ọ. Mọ́dúlà tí wọ́n kọ buffered sí ni kí ẹ fi pín in.

Níkẹyìn, ẹ bá onílù jókòó, kí ẹ sì san owó rẹ̀. Kí ó lu ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìgbà púpọ̀, kí ẹ fi síńtì bá a, kí ó lu ti òkè, kí ẹ tún bá a, kí ẹ kọ fóòtì méjèèjì sílẹ̀. Onílù mìíràn, fóòtì mìíràn. Bí ọyẹ́ bá mú awọ ìlù le, ẹ tún un wọ̀n.

Àwa tí a ń so ẹ̀rọ orin,
Agbègbè Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́.